Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń pa ọjà yín: bí a ṣe ń di oúnjẹ fún títà láti Kétu, Sábẹ̀ àti Àjàṣẹ́

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá tẹ etikẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, àwòrán ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè. Tó bá jẹ́ ará Kétu, á ní ká bá òun fi Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà, sí i. Tó bá jẹ́ pé Sábẹ̀ ni gaàrí ti wá, àwọn òkè Sábẹ̀ ló máa fẹ́. Kò burú. Àmọ́ kí n tó tan kọ̀ǹpútà, mo máa ń bi wọ́n pé: kí ló ń pa ọjà yín? Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń ba ọjà rẹ̀ jẹ́ kò lè mọ ohun tó yẹ kó fi dì í, bó ti wù kí àwòrán ara rẹ̀ rẹwà tó. Ibẹ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Àwòrán ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

1. Ohun tó ń pa ọjà

Gaàrí, ọ̀rinrin ló ń pa á. Codex, ìyẹn ìlànà oúnjẹ àgbáyé tí àjọ FAO (ti oúnjẹ àti ọ̀gbìn) àti WHO (ti ìlera) jọ dá sílẹ̀, sọ pé omi inú gaàrí kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 12 nínú 100 lọ. Ọ̀pọ̀ wa ni kò ní ẹ̀rọ tí ń wọn omi nílé, àmọ́ ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un dáadáa, ẹ la ọwọ́. Gaàrí tó gbẹ á tú ká lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, á sì máa dún ṣàráṣàrá bó ṣe ń bọ́ sínú abọ́. Èyí tó bá ṣù, tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ẹ dá a padà sórí iná. Kò sí ọ̀rá tó lè gbẹ gaàrí tútù. Ńṣe ló máa há omi náà mọ́ inú.

Ẹ̀pà sísun, kúlíkúlí àti kajú yàtọ̀ sí ìyẹn. Òróró pọ̀ nínú wọn, afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ló sì ń ba òróró jẹ́. Ẹ ti jẹ ẹ̀pà tó ń korò lẹ́nu, tó ń rùn bí ọ̀dà rí? Ohun tó ṣe é nìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé ọ̀rá tí à ń lò lójoojúmọ́ ń dí ọ̀rinrin lọ́nà dáadáa, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń gba ara rẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀, àní bí ẹ bá tilẹ̀ fi iná lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀. Ó tó fún gaàrí. Kò tó fún kajú tí ẹ fẹ́ kó pẹ́ lórí àtẹ fún oṣù mélòó kan. Ọ̀rá alábala tó ní alumíníọ́mù nínú ni kajú ń fẹ́, tàbí ìgò tí ìdérí rẹ̀ há dáadáa. Àwọn ìyá tó ń da ẹ̀pà sínú ìgò ọtí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, torí gíláàsì kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá rárá. Ìdérí ni wọn kì í kà sí: wọ́n á ká bébà, wọ́n á fi dí ìgò lẹ́nu, gbogbo èrè gíláàsì á sì bọ́.

Ọ̀rọ̀ kajú yìí kan ará Sábẹ̀ gan-an. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti fòfin de kíkó kajú tí wọn ò tíì pa lọ sí òkèèrè, nítorí náà àwọn tó ń fẹ́ pa á, kí wọ́n sun ún, kí wọ́n sì dì í fún títà ń wá béèrè lọ́wọ́ wa pé irú ọ̀rá wo làwọn máa lò.

Epo pupa, ìmọ́lẹ̀ ń jẹ àwọ̀ rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń jẹ adùn rẹ̀. Ẹ rọ ọ́ kún dé ọrùn ìgò kí àyè má ṣẹ́ kù fún afẹ́fẹ́, ẹ má sì tò ó sínú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù nítorí kí ẹni tó ń kọjá lè rí pípọ́n rẹ̀.

Tòmátì, ọsàn àti máńgòrò ń mí. Apẹ̀rẹ̀ tàbí páálí tó ní ihò ni kí ẹ fi wọ́n sí, ẹ má ṣe lẹ ẹnu ọ̀rá mọ́ wọn lórí. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má sì rò pé ọjà gbogbo ló nílò ọ̀rá àti etikẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kọ tí wọ́n fi ewé tíìkì pọ́n, tí wọ́n tà láàárọ̀, tí wọ́n jẹ tán kí ilẹ̀ tó ṣú, ìdì tó bá a mu ni wọ́n fi dì í. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ ká ṣe páálí aláràbarà fún irú ẹ̀kọ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó fi owó náà ra àgbàdo.

2. Ohun tí a ó fi dì í

Ọ̀rá tó fẹ́lẹ́ jù kò dára fún gaàrí, torí pé etí gaàrí mú, á máa gún un ní ihò tí ojú kò lè rí. Ẹ béèrè nínípọn rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Fún àpò 500 gíráàmù tàbí kílò kan, èmi kì í lò èyí tó bá kéré sí 80 míkírọ̀n (ẹgbẹ̀rún míkírọ̀n ló wà nínú mìlímítà kan). Ẹ tún rántí pé òfin wà: òfin nọ́ńbà 2017-39, tí wọ́n ṣe ní oṣù kejìlá ọdún 2017, fòfin de sàsé oníke tí kì í jẹrà nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Kí ẹ tó ra ọ̀rá lọ́pọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká nípa irú èyí tí wọ́n gbà kí èèyàn fi di oúnjẹ, kí ẹ sì gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu lásán sọ fún yín pé “èyí dára, kò sí wàhálà.”

Ìgò ike tí wọ́n fi ń ta omi, ẹ wo abẹ́ rẹ̀: nọ́ńbà 1 ló máa ń wà nínú àmì onígun mẹ́ta ibẹ̀. Irú ike bẹ́ẹ̀ máa ń rọ̀ tí ooru bá tó nǹkan bí 70°C. Nítorí náà, epo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ àfi tó bá tutù. Èyí tó ní nọ́ńbà 5 ń fara da ooru jù ú lọ.

Ohun kan wà tí mi ò ní fi ṣeré níbí. Àwọn tó ń gbin òwú lágbègbè Sábẹ̀ àti Kétu mọ ìgò oògùn kòkòrò. Ó le, ó ní ìdérí tó dára, ó sì ń wu èèyàn láti fi rọ epo. Ẹ má ṣe é láé. Oògùn náà ti wọ inú ara ike, omi gbígbóná àti ọṣẹ kò lè mú un jáde. Bébà sìmẹ́ǹtì àti ìwé ìròyìn náà kò yẹ lára oúnjẹ tó ní òróró, torí òróró ń fa tàdáwà àti ìyẹ̀fun sìmẹ́ǹtì mọ́ra.

3. Dídì í gan-an

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà, ibí yìí náà sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kánjú.

Ìyá kan láti Kétu gbé àpò gaàrí kan wá fún mi. Ọ̀rá náà mọ́, etikẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rẹwà, àmọ́ ní igun ìsàlẹ̀, gaàrí ti ṣù pọ̀ bí òkúta kékeré, ó sì ti ní àwọ̀ eérú. “Ọmọ mi, gaàrí mi gbẹ o. Kí ló dé tó fi bu?” Mo ní, “Ìyá, ìgbà wo lẹ dì í?” Wọ́n ní, “Bí mo ṣe sọ̀ ọ́ kalẹ̀ báyìí ni mo dì í, kí eruku má baà wọ̀ ọ́.” Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Gaàrí gbígbóná ń tú èéfín omi jáde. Nígbà tí ọ̀rá bá tutù, èéfín náà á di omi lára rẹ̀, á ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀, gaàrí ibẹ̀ á sì mu ún. Ẹ tẹ́ ẹ sórí àtẹ tó mọ́, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò ó nítorí eruku, ẹ dúró títí tó fi máa tutù bí ara abọ́ tó wà nínú yàrá. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó sùn síta di ọjọ́ kejì, torí ọ̀rinrin òru á tún padà wọ inú rẹ̀. Bí ó bá ti tutù, kí ẹ dì í.

Ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n. Ní ọjà Wàǹdó, ẹni tó ń ra gaàrí ní tóńgólò, abọ́ tí wọ́n fi ń wọn ọjà, ń fi ojú rí bí ẹ ṣe bù ú ga lórí, ó sì lè bẹ̀bẹ̀ fún èènì. Nínú àpò tí a ti dì, kò sí ibi tí èènì ń gbà wọlé. Nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ ni oníbàárà gbára lé. Tí ẹ bá kọ 500 gíráàmù, kí ẹ di 505. Epo ní tirẹ̀ kò wúwo tó omi: lítà kan epo pupa jẹ́ nǹkan bí 910 gíráàmù. Ẹni tó bá kọ “1 kg” sára ìgò onílítà kan ti yan oníbàárà jẹ, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Ẹ lo àrọ tí ẹnu rẹ̀ gùn, kó lè wọ inú ọ̀rá kọjá ibi tí iná máa gbà. Ìyẹ̀fun gaàrí tó bá lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀rá ló ń mú kí ojú iná jò, torí ọ̀rá kì í lẹ̀ mọ́ ọ̀rá níbi tí ìyẹ̀fun bá wà láàárín wọn. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu inú ẹnu rẹ̀. Ẹ rọra fún afẹ́fẹ́ jáde. Kí ẹ wá fi ẹ̀rọ onínáà lẹ̀ ẹ́, kí ojú iná náà fẹ̀ tó èékánná ọmọ kékeré. Àbẹ́là tí àwọn kan ń lò máa ń jó ibì kan gba ibì kan, á sì fi ibòmíràn sílẹ̀. Tí owó ẹ̀rọ kò bá tíì sí, kí àwọn mẹ́ta mẹ́rin jọ dá a rà.

Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi sínú bàsíà. Ẹ mú àpò kan nínú ogún, ẹ tẹ̀ ẹ́ rì sínú omi, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì rọra fún un. Bí omi bá ń hó kékeré kékeré láti ibì kan, ibẹ̀ ló ń jò. Ẹ wo ibi tó jẹ́: tó bá jẹ́ ojú iná, ẹ fi kún ooru tàbí àkókò tí ẹ fi ń tẹ ẹ̀rọ; tó bá jẹ́ àárín ọ̀rá, ọ̀rá náà ló fẹ́lẹ́; tó bá jẹ́ igun, ẹ ti bù ú kún jù ni.

4. Bó ṣe máa tóbi tó, àti iye owó rẹ̀

Ẹyọ owó tó wà lọ́wọ́ èèyàn ni kó pinnu bí àpò ṣe máa tóbi tó. Owó fàránkì 100, 200, 250 àti 500 wà. Ọjà tí ẹ bá pè ní 265, wàhálà ṣéńjì ni. Ẹ kọ́kọ́ yan iye owó, kí ẹ tó wá wo ìwọ̀n tí ẹ lè fi sínú rẹ̀.

Ká ní ẹ ń ta àpò kajú kan ní 500 fàránkì. Bí ọ̀rá bá jẹ́ 45, tí etikẹ́ẹ̀tì jẹ́ 20, tí ìpín páálí ńlá tó kàn án jẹ́ 10, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 75, ìyẹn ìdá 15 nínú 100. Fún oúnjẹ ojoojúmọ́, tó bá ti kọjá ìdá 20 báyìí, èmi á ní kí ẹ tún un rò. Ohun tí àwọn èèyàn ń rà láti fi ta ara wọn lọ́rẹ lọ́jọ́ ọdún, ìyẹn lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

5. Etikẹ́ẹ̀tì

Èdè Faransé ni ìjọba ń lò nílẹ̀ wa, òun sì ni kí ẹ fi kọ àwọn ohun tó pọn dandan. Yorùbá lè wà nínú orúkọ ọjà àti bí a ṣe ń lò ó. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí i. Ohun tí Codex ń béèrè fún oúnjẹ tí a ti dì kò ṣòro: orúkọ oúnjẹ náà gan-an (kì í ṣe orúkọ tí ẹ sọ ilé iṣẹ́ yín nìkan), “Ingrédients” (àwọn èròjà), “Poids net” (ìwọ̀n oúnjẹ láìka ìdì mọ́ ọn), orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, orílẹ̀-èdè tó ti wá, “N° de lot” (nọ́ńbà àwọn tí ẹ jọ dì pọ̀ nígbà kan náà), “À consommer de préférence avant le” (déètì tó dára kí wọ́n ti jẹ ẹ́ kó tó kọjá), àti ibi tó yẹ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí.

Bí ẹ bá ń to àwọn èròjà, èyí tó wúwo jù ni kó ṣáájú. Kúlíkúlí tí ẹ fi ata àti iyọ̀ sí, ẹ̀pà ló máa ṣáájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ata ni ẹ fẹ́ fi polówó rẹ̀. Ẹ kọ ẹ̀pà, kajú, sóyà àti wàrà gàdàgbà, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wọn lè pa wọ́n lára.

“N° de lot” ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn lásán. Déètì ọjọ́ tí ẹ dì í ti tó. Ìwé kékeré kan ni kí ẹ ní, kí ẹ kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé gaàrí ọjọ́ báyìí, ẹ̀gẹ́ oko báyìí ni, páálí mélòó, ta ló kó o. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá tẹ̀ yín láago pé gaàrí òun bu, ẹ ó mọ páálí tó yẹ kí ẹ dá padà, ẹ kò ní kó gbogbo ọjà kúrò lórí àtẹ.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọjà wọ ilé ìtajà ńlá ní Kútọnu, kó lọ sọ́dọ̀ ABSSA, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó ọjà gba Ìgólò kọjá lọ sí Nàìjíríà, NAFDAC, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, ní ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì gbọ́dọ̀ wà lára etikẹ́ẹ̀tì. Fún àwọn ilẹ̀ Yúróòpù, lẹ́tà kékeré bí “x” kò gbọ́dọ̀ kéré sí mìlímítà 1.2 ní gíga lára ìdì tó bá tóbi díẹ̀.

Ó wá ku àwòrán. Ohun tó ń pa ọjà yín náà ni kó pinnu bóyá ẹ máa ṣí fèrèsé sára ìdì. Gaàrí, bẹ́ẹ̀ ni: oníbàárà fẹ́ rí bó ṣe kúná tó àti bóyá epo wà nínú rẹ̀. Kajú, rárá: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ń gbà wọlé ló ti máa kọ́kọ́ bàjẹ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ dípò, kó sì jẹ́ ti ọjà yín gan-an, kì í ṣe àwòrán kajú ẹlòmíràn tí ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àkàbà Ìdẹ̀nà àti òkè Sábẹ̀ dára ní kékeré, lápá ìsàlẹ̀, láti fi sọ ibi tí ọjà ti wá. Tí wọ́n bá gba gbogbo iwájú, ẹni tó ń kọjá á rò pé ìwé àwọn arìnrìn-àjò ni. Àwọ̀ méjì ti tó, mẹ́ta sì ti pọ̀. Kí ẹ tó gbà fún atẹ̀wé, ẹ tẹ ẹyọ kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpò, ẹ gbé e sáàárín ọjà àwọn ẹlòmíràn lórí àtẹ, kí ẹ sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Bí ẹ kò bá lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀ láti ibẹ̀, orúkọ oúnjẹ kéré jù.

Àwọn ìlà dúdú tí ẹ̀rọ ilé ìtajà ń kà (code-barres), ẹ má tẹ̀ ẹ́ ní pupa. Ìmọ́lẹ̀ pupa ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ náà fi ń kà á, nítorí náà ìlà pupa máa ń dà bíi funfun lójú rẹ̀. Dúdú lórí funfun, kí àyè funfun sì ṣẹ́ kù lápá ọ̀tún àti òsì.

6. Páálí àti ọ̀nà

Ọjà tó bá ti Sábẹ̀ wá sí Kútọnu ti rin ohun tó lé ní igba kìlómítà, ẹlẹ́rù á sì tún to nǹkan mìíràn lé e lórí. Agbára páálí, igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà. Ẹ to ọ̀kan lé orí èkejì kí igun bá igun; bí ẹ bá tò ó ní agbélébùú bí búlọ́ọ̀kù, ó máa dúró dáadáa lóòótọ́, àmọ́ àárín páálí ìsàlẹ̀ ló máa ru ẹrù, á sì wó. Àwọn ìlà inú páálí gbọ́dọ̀ dúró lóròó, kì í ṣe lọ ní ìbú. Ẹ má jẹ́ kó fara kan ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, torí bébà ń mu omi láti ilẹ̀, á sì di jẹ́lẹ́ńkẹ́. Pákó méjì lábẹ́ rẹ̀ ti tó.

Àyè tó ṣófo nínú páálí ń jẹ́ kí ìgò máa lu ara wọn. Ẹ dí i, tàbí kí ẹ ra páálí tó bá wọn mu.

7. Ìdánwò kí ẹ tó tẹ ẹgbẹ̀rún

Ẹ di àpò mẹ́wàá. Ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òṣùwọ̀n kan náà, ẹ kọ iye rẹ̀ àti déètì sára rẹ̀. Ẹ fi díẹ̀ sínú yàrá, díẹ̀ sí ilé ìdáná, díẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù níbi tí oòrùn ń dé. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ wọ̀n wọ́n láìṣí wọn. Àpò gaàrí tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ń lọ sókè, omi ló ń wọ inú rẹ̀. Ti kajú àti ẹ̀pà, imú àti ẹnu lẹ máa lò: ẹ ṣí ọ̀kan lóṣooṣù, kí ẹ tọ́ ọ wò pẹ̀lú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Oṣù tí ẹnì kan nínú ilé bá kọ́kọ́ sọ pé “èyí ti ń yí padà”, ẹ yọ oṣù méjì kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ fi ìyókù ṣe déètì tí ẹ máa kọ. Ìgbà òjò ni kí ẹ ṣe ìdánwò gaàrí. Èyí tí ẹ bá ṣe nígbà ọyẹ́ á tàn yín jẹ.

Ẹ gbé páálí kan tó kún, ẹ jẹ́ kó jábọ́ láti ìwọ̀n ìbàdí: lẹ́ẹ̀kan lórí igun, lẹ́ẹ̀kan lórí etí, lẹ́ẹ̀kan lórí ìsàlẹ̀. Ohun tó bá fọ́ nílé yín kò ní fọ́ ní Kútọnu. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá sọ́dọ̀ atẹ̀wé, igba etikẹ́ẹ̀tì péré sì ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀, torí nọ́ńbà fóònù àti iye oṣù tí ọjà lè lò ló sábà máa ń yí padà kí igba náà tó tán.